Etí Wa àti Orin Ọ̀kẹ́sírà
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní gbọ̀ngàn ìlú, ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè)

    

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí orin ọ̀kẹ́sírà, mo mọ ohun tí ó fà á. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní òkè òkun kó fáyólìn mẹ́jọ, cello méjì, fèrè mẹ́fà àti tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì méjì ránṣẹ́ sí ilé-ìwé wa, tí Ẹgbẹ́ sì fi wọ́n sí ìkáwọ́ mi. Ọmọ mẹ́rìnlélógún ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, tí wọ́n ń pín ohun èlò lò. Mọ́kànlá ni ó kù. Lọ́la, ẹ óò jíròrò lórí àbá pé kí a ta àwọn ohun èlò wọ̀nyí, kí a fi owó wọn kún owó ẹ̀rọ amúnáwá fún gbọ̀ngàn yìí. N kò wá bá àbá náà jà. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí òkùnkùn ń ṣe fún wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dìbò lórí ohun kan yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó jẹ́, ìdí nìyí tí mo fi dúró níwájú yín.

Ohun kan ni mo bẹ̀ yín kí ẹ yọ kúrò lọ́kàn. Bí àwọn àgbà wa bá gbọ́ ọ̀kẹ́sírà, ẹgbẹ́ eléré jùjú tàbí ti háíláìfù ni wọ́n máa ń rántí, nítorí pé orúkọ tí púpọ̀ nínú wọn fún ara wọn nìyẹn. Èyí tí mo ń sọ yàtọ̀. Ẹgbẹ́ ńlá ni, tí ènìyàn 40 lè wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì lè tó 90. Olúkúlùkù ni ó ní ìwé orin níwájú rẹ̀. Olùdarí kan sì dúró láàárín wọn, tí kò mú ohun èlò kankan lọ́wọ́ bí kò ṣe ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Orin tí wọ́n ń ṣe lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìsí akọrin kan tí yóò la ẹnu.

Síbẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì pátápátá sí etí wa. Ẹ rántí àwọn onídùndún nígbà tí wọ́n bá tò níwájú ààfin. Ìyáàlù ni gbogbo ènìyàn ń fi etí sí, nítorí pé òun ni ó ń ki ènìyàn. Ṣùgbọ́n gúdúgúdú kékeré tí a fi kọ́ ọrùn kì í fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ ṣe ti ẹlòmíràn. Kẹríkẹrì ń dún ní tirẹ̀. Ìṣáájú àti kànnàǹgó ń dáhùn. Bí gúdúgúdú bá dákẹ́ lójijì, ẹni tí ń jó yóò mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ kí ó tó mọ̀ ọ́n létí. Ẹni tí ó bá lè fi etí ya ohùn gúdúgúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìyáàlù ti ní etí tí a fi ń gbọ́ ọ̀kẹ́sírà. Ohun tí ó kù fún un kò ju kí ó mọ àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lọ.

Àwọn olókùn ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n máa ń ju ìdajì ẹgbẹ́ lọ. Fáyólìn ni ó ṣáájú, tí a pín sí ọ̀nà méjì, ti kìn-ín-ní àti ti kejì. Viola tẹ̀lé e, tí ohùn rẹ̀ wúwo díẹ̀ jù ú lọ. Lẹ́yìn náà ni cello, tí a ń jókòó ta láàárín orúnkún. Àti báàsì ńlá tí ó ga ju ènìyàn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ sákárà ní ìgbà èwe yín mọ gòjé. Irun ẹṣin ni okùn gòjé, irun ẹṣin náà ni ọrun tí a fi ń fà á. Irun ẹṣin kan náà ni a sì fi ń ṣe ọrun fáyólìn títí di òní. Nítorí náà, bí baba kan bá sọ fún mi pé igbe ológbò ni fáyólìn, mo máa ń bi í léèrè bí ó ti ṣe ń gbádùn Yusuf Ọlátúnjí.

Lẹ́yìn àwọn olókùn ni àwọn fèrè jókòó sí. Flute, oboe, clarinet àti bassoon ni a ń pè ní fèrè onígi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ni a fi ń ṣe flute lóde òní. Horn, tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, trombone àti tuba ni fèrè onídẹ. Àwọn onílù ni ó wà lẹ́yìn pátápátá. Èyí yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, nítorí pé nílé wa, iwájú ni à bá fi wọ́n sí.

Fún ọmọdé tí kò tíì mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, n kò tíì rí ohun tí ó dára ju ìtàn tí Prokofiev, ará Rọ́ṣíà, fi orin sí ní 1936, nípa Peter àti ìkookò. Àlọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Flute ni ẹyẹ inú rẹ̀, oboe ni pẹ́pẹ́yẹ, clarinet ni ológbò, bassoon ni baba àgbà. Horn mẹ́ta ni ìkookò, àwọn olókùn sì ni Peter fúnra rẹ̀. Mo fi ìrọ̀lẹ́ méjì kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kẹta, orin mìíràn ni mo gbé sí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bí oboe ti fọhùn báyìí, gbogbo kíláàsì pariwo pé, “Pẹ́pẹ́yẹ!”

Ti àwa àgbà ni ó le. Ọmọ Yorùbá kì í gbọ́ ìlù lásán; bí ìlù bá dún, a ó bèèrè pé, “Kí ni ó wí?” Orúkọ baba wa ni ìyáàlù ń pè, òwe ni ó ń pa, nígbà mìíràn èébú ni ó ń bú, a sì mọ ẹni tí ó ń bá wí. Nígbà tí a bá wá gbọ́ orin tí kò wí nǹkan kan tí a lè tún wí lẹ́yìn rẹ̀, a ó ní ariwo ni, oorun a sì dé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún èmi náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, níbi tí olùkọ́ orin wa ti ń gbé àwo símfónì sí ẹ̀rọ fún wa ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Yóò ní kí a jókòó, kí a máa gbádùn. Kò sọ ohun tí a óò máa fi etí wá fún wa. Mo sùn ní Jímọ́ọ̀ mẹ́fà tẹ̀léra. Ní ìkeje, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ ọmọ àyàn fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, “Ìwọ kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń bèèrè ni? Wọ́n ní, Kí ló dé o?”

Símfónì karùn-ún tí Ludwig van Beethoven kọ ni àwo ọjọ́ náà. Ohùn mẹ́rin ni ó fi bẹ̀rẹ̀: mẹ́ta kúkúrú tí wọ́n dọ́gba lókè, ẹ̀kẹrin gígùn tí ó wálẹ̀. Ẹ fi ẹnu ara yín wí i: Kí ló dé o? Ohùn òkè mẹ́ta, ohùn àárín kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bèèrè ohun kan náà ní ìsàlẹ̀ díẹ̀: Kí ló dé o? Oorun kò kùn mí mọ́ títí àwo náà fi parí.

Ẹ má ṣe lọ sọ pé olùkọ́ ní Beethoven gbọ́ Yorùbá. Schindler, tí ó ṣe akọ̀wé fún un, sọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ pé ọ̀gá òun ní báyìí ni àyànmọ́ ṣe ń kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé kò fi bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀rí Schindler gbọ́ mọ́, nítorí pé wọ́n ti ká irọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi púpọ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa náà, ọ̀pá tí a fi ń tọ́ ọ̀nà ni. Bí ẹsẹ̀ bá ti mọ ọ̀nà, a ó gbé ọ̀pá tì.

(Níbí ni a ti gbé apá kìn-ín-ní orin náà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.)

Ẹ kú sùúrù. Mo rí i tí àwọn ìyá wa ń mi orí. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí a gbọ́. Àwọn olókùn àti clarinet ni ó bèèrè ìbéèrè náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí horn fi gbà á lẹ́nu wọn, tí ó fi ké e bí akéde, tí fáyólìn sì fi orin jẹ́jẹ́ kan dáhùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi etí sí ìsàlẹ̀, ẹ óò gbọ́ cello àti báàsì tí wọ́n ṣì ń kùn ìbéèrè náà lábẹ́lẹ̀. Kò fi ibì kankan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, níbi tí ìjà náà ti gbóná, gbogbo wọn dákẹ́, oboe kan ṣoṣo sì dá sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí obìnrin tí ó dìde láàárín àwọn ọkùnrin tí ń jà, tí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ wí tirẹ̀, tí ó sì tún jókòó. Mo ti gbọ́ orin yìí ju ìgbà tí mo lè kà lọ, mo sì ń dúró de obìnrin náà nígbà gbogbo.

Apá mẹ́rin ni símfónì náà ní. Nínú ẹ̀kẹta, horn tún gbé ohùn mẹ́rin wọ̀nyí dé, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ẹ̀kẹrin kò wálẹ̀ mọ́. Orí ohùn kan náà ni gbogbo wọn dúró sí. Ní ìparí apá yìí orin náà rẹlẹ̀ débi pé ìlù nìkan ni ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbọ́, tí ó ń lù jẹ́jẹ́ bí àyà ẹni tí ó sá pamọ́. Láìsinmi, apá kẹrin sì bú jáde bí ìgbà tí a ṣí fèrèsé yàrá òkùnkùn. Ibẹ̀ ni trombone mẹ́ta, piccolo tí í ṣe flute kékeré, àti bassoon ńlá kan tó kọ́kọ́ fọhùn. Wọn kò ṣe nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí wọ́n fi jókòó, tí wọ́n ń dúró.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ orin yìí, kí ó má gbọ́ orin mẹ́wàá. Kí ó gbọ́ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù ọwọ́ yín sì tó láti gbọ́ ọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé báàsì kì í dún dáadáa nínú fóònù. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀lé fáyólìn nìkan. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbàgbé fáyólìn, kí ẹ tẹ̀lé cello. Bí ẹ bá sì lọ gbọ́ ọ ní gbọ̀ngàn, àṣà òde òní ni pé a kì í pàtẹ́wọ́ títí apá ìkẹyìn yóò fi parí. Ní ayé Beethoven wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ láàárín. Kí ẹnikẹ́ni má sì gòkè lọ lẹ owó mọ́ olùdarí níwájú.

Ní 22 Oṣù Kejìlá, 1808, ni a kọ́kọ́ ṣe orin náà fún gbogbo ènìyàn, ní ìlú Vienna. Etí Beethoven ti ń di nígbà náà. Òtútù mú púpọ̀ nínú gbọ̀ngàn. Eré náà gba bí wákàtí mẹ́rin. Àwọn eléré kò sì ráyè dánra wò tó. Nínú orin tí ó kẹ́yìn ní alẹ́ náà, tí ó ní ọ̀kẹ́sírà, dùùrù àti akọrin, nǹkan dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, Beethoven sì dá wọn dúró níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ṣe é parí.

Mo ní ìdí tí mo fi mú èyí wá. Ní ọdún kejì ẹ̀kọ́ wa, a ṣeré níwájú Kábíyèsí ní ọjọ́ ọdún ìlú. Ọmọkùnrin kan ní ipò fáyólìn kejì wọlé kí àkókò rẹ̀ tó pé; ohùn tirẹ̀ nìkan ni ó dún níbi tí ó yẹ kí gbogbo wa dákẹ́. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà dá orin dúró, gẹ́gẹ́ bí Beethoven ti ṣe, mo sì bá ọmọ náà wí lójú gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n n kò tún un bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ọmọ náà gbé fáyólìn sí orí àga, kò sì padà wá mọ́. Ọmọ mẹ́ta mìíràn tẹ̀lé e kí oṣù náà tó parí. Nígbà tí ẹ bá ń wádìí lọ́la ìdí tí mẹ́rìnlélógún fi di mọ́kànlá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe kọ ẹ̀bi náà sọ́rùn àwọn ọmọ tàbí sọ́rùn fáyólìn títí ẹ óò fi kọ orúkọ olùkọ́ sílẹ̀.

Ìdákẹ́ tí ọmọ náà kò lè pa mọ́ ni ó le jù nínú ẹ̀kọ́ yìí. Símfónì karùn-ún náà, ìdákẹ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀: kí ohùn kìn-ín-ní tó dún, àmì ìsinmi kékeré kan wà nínú ìwé, gbogbo ẹgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ mí sínú pọ̀, kí wọ́n lè jáde pọ̀. Àìrìn pọ̀ ejò ní í jẹ ọmọ ejò níyà. N kò kọ́ wọn ní ìkà dáadáa. Bí a ti ń fa ọrun ni mo kọ́ wọn. Nísinsìnyí, ìdajì àkókò wa ni a fi ń ka ìsinmi sókè láìfọwọ́ kan ohun èlò.

Ẹ̀yin òbí, gbogbo yín ni ẹ ń fẹ́ kí ọmọ yín jẹ́ fáyólìn kìn-ín-ní. Ta ni yóò jẹ́ èkejì? Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ nílé sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ ní ọjọ́ Sátidé. Igbe ológbò náà yóò wà fún bí ọdún kan. Ẹ fara dà á, ẹ má sì ṣe fi ṣe ọmọ náà ní yẹ̀yẹ́ níwájú àlejò. Fáyólìn sì ní ìwọ̀n bí bàtà. Nínú mẹ́jọ tí a gbà, márùn-ún jẹ́ ti àgbàlagbà, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń fi ọrùn ọwọ́ gbé ohun tí apá wọn kò ká. Bí ọyẹ́ bá dé, igi a gbẹ, èèkàn tí ó di okùn mú a máa yọ̀. A ń fi ṣọ́ọ̀kì ra á kí ó lè dúró. Ní ìgbà òjò, ó a tún le kankan. Bí a bá gbé e sí inú yàrá tí ikán wà, ẹ̀kọ́ ti parí nìyẹn.

Àwọn kan ń bèèrè pé kí ni tiwa nínú rẹ̀. Ìbéèrè rere ni. Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Yorùbá tí a bí ní 1905, kọ African Suite ní 1944 fún àwọn olókùn àti háàpù. Apá márùn-ún ni ó ní. Ìkẹyìn, tí ó pè ní Akinla, ni rédíò ilẹ̀ Kánádà fi ṣí ètò orin kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó sì kọ Folk Symphony fún òmìnira Nàìjíríà ní 1960. Kí Ṣówándé tó ṣe èyí, Samuel Coleridge-Taylor, tí a bí ní London ní 1875, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà láti Sàró, ti tẹ orin 24 jáde fún dùùrù ní 1905. Ọ̀kan nínú wọn, Oloba, orin Yorùbá ni, tí Ìyáàfin Victoria Randle ará Èkó fún un. Ohùn wa ti wọ inú iṣẹ́ yìí kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó wà níhìn-ín.

Fún ẹ̀yin ará òkè òkun: mo dúpẹ́ fún ohun tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má ṣe fi fáyólìn kún un mọ́. Okùn ni ẹ bá wa wá, àti oje igi tí a fi ń ra ọrun, àti fáyólìn kéékèèké mẹ́ta ní pàṣípààrọ̀ fún àwọn ńlá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, ẹgbẹ́ Chineke! tí Chi-chi Nwanoku dá sílẹ̀ ní 2015 ní ọ̀kẹ́sírà fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ wò wọ́n. Ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ orin MUSON ń bẹ fún ọmọ tí ó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú.

Lọ́la, ní agogo mẹ́sàn-án, kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn mọ́kànlá yóò ṣeré fún yín fún ìṣẹ́jú mẹ́rin péré. Orin ayọ̀ inú símfónì kẹsàn-án Beethoven, ti 1824, ni. Ohùn márùn-ún tí ó fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, nítorí náà ọmọdé lè ta á. Gẹ́gẹ́ bí Beethoven ti kọ ọ́, àwọn olókùn ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé e, jẹ́jẹ́; cello wa méjèèjì ni ẹ óò gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ tètè dé, nítorí pé ariwo àga yóò bo ìbẹ̀rẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣi ọ̀nà wọlé, a ó dá a dúró, a ó sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo lọ sí ilé ọmọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ níwájú ìyá rẹ̀. Kò tíì dá mi lóhùn. Àga méjìlá ni mo ní kí wọ́n tò.